Kí wọ́n tó gbin eyín, egungun gbọ́dọ̀ tó

Lónìí, a óò sọ̀rọ̀ nípa eyín tí àwọn dókítà ń gbìn.

Eyín àtọwọ́dá kan wà tí a máa ń bọ́ sílẹ̀ lálẹ́. Èyí kọ́ là ń sọ. Èyí tí à ń sọ ní gbòǹgbò. Gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́ irin kékeré tó dàbí ìṣó tí a ń yí wọlé. Títéníọ́ọ̀mù ni orúkọ irin náà. Egungun máa ń dì mọ́ ọn. Ní ọdún 1965, dókítà Per-Ingvar Brånemark ní ilẹ̀ Swídìn gbin irú irin bẹ́ẹ̀ sí ẹnu ọkùnrin kan.

Ṣùgbọ́n nígbà tí eyín bá yọ, egungun àgbọ̀n tó gbé e dúró kò níṣẹ́ mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tín-ín-rín. Láàárín ọdún kan, ìbú rẹ̀ lè dín kù tó ìdajì. Bí ẹ bá gbá ìṣó ńlá wọ etí pákó tẹ́ẹ́rẹ́, ṣé pákó náà kò ní là? Bẹ́ẹ̀ náà ni egungun.

Kí ni dókítà ń ṣe sí i? Yóò kọ́kọ́ gún abẹ́rẹ́ kí ibẹ̀ lè kú. Lẹ́yìn náà, ó lè gba ọ̀nà méjì.

Ọ̀nà kìíní: yóò la egungun náà láti òkè, yóò sì rọra yà á sí méjì. Kò ní là á dé ìsàlẹ̀. Yóò fi ẹ̀rún egungun dí àárín rẹ̀.

Ọ̀nà kejì: yóò gé egungun díẹ̀ láti ẹ̀yìn àgbọ̀n aláìsàn fúnra rẹ̀. Yóò dè é mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibi tó tín-ín-rín. Yóò fi èrìgì bò ó, yóò sì rán an.

Lẹ́yìn èyí, sùúrù ló kù. Egungun lè gba oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà kí ó tó jiná. Irin tí wọ́n gbìn náà ń fẹ́ oṣù díẹ̀ kí ó tó gbé eyín. Owó rẹ̀ kò kéré. Ẹni tó ń fa sìgá ń ba iṣẹ́ náà jẹ́, nítorí ojú ọgbẹ́ kì í tètè jiná.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, bí eyín bá ń dùn yín, ẹ má jẹ́ kí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ fi ẹ̀mú fà á. Ó lè fọ́ egungun pẹ̀lú. Ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn. Bí wọ́n bá ní eyín náà yóò yọ, ẹ béèrè lọ́jọ́ náà gan-an bí a ṣe lè tọ́jú egungun rẹ̀.