Ikú aláboyún: Òfin Oǹdó tó ní kí ilé ìgbẹ̀bí má bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀

Tẹ́lẹ̀, bí aláboyún bá kú sí ilé ìgbẹ̀bí, ohun tí àwọn ẹbí sábà máa ń gbọ́ kò ju pé àsìkò rẹ̀ ló tó. Wọ́n á gbé òkú lọ, ilé ìgbẹ̀bí náà á sì gba aláboyún mìíràn wọlé lọ́jọ́ kejì. Kò sẹ́ni tó ń béèrè bóyá ẹ̀jẹ̀ ló ń dà tí kò dúró, tàbí pé wọ́n pẹ́ jù kí wọ́n tó gbé e lọ bá dókítà.

Lọ́dún 2010 ni ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣòfin pé gbogbo irú ikú bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ dé etí ìjọba, kí wọ́n sì wádìí rẹ̀, ìbáà ṣẹlẹ̀ nílé ìwòsàn ìjọba tàbí ti aládàáni, títí kan àwọn tó kọ Nursing Home sára pátákó wọn. Lójú àwọn oníṣègùn, ikú abiyamọ tí oyún tàbí ìbímọ fà kí ọjọ́ 42 tó pé lẹ́yìn tó bímọ wà lára rẹ̀.

Òfin yìí kì í rán ọlọ́pàá síni o. Wọn kì í gbé orúkọ olóògbé tàbí ti nọ́ọ̀sì síta. Ohun tó pa á, àti ohun tí wọn ì bá ti ṣe, ni wọ́n ń wá. Ó mọ́gbọ́n dání, torí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n máa ti òun mọ́lé kò ní jẹ́wọ́ pé kò síná lóru ọjọ́ náà. Láti ọdún 1952 ni wọ́n ti ń ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Dókítà Olúṣẹ́gun Mímíkò, ọmọ bíbí ìlú Oǹdó, ni gómìnà nígbà náà. Ètò Abíyẹ ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìfẹ́dọ̀rẹ́ lọ́dún 2009. Wọ́n ṣí ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ ní Àkúrẹ́ lọ́dún 2010, ti ìlú Oǹdó tẹ̀lé e lọ́dún 2012. Ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú ibẹ̀ nígbà náà.

Ìwádìí náà tú àṣírí kan: púpọ̀ nínú àwọn tó kú ló ti kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ìyá agbẹ̀bí tàbí ilé ìgbẹ̀bí ṣọ́ọ̀ṣì, ìgbà tí ẹ̀mí fẹ́ bọ́ ni wọ́n tó gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Ìjọba kò lé àwọn ìyá agbẹ̀bí. Lọ́dún 2014, ètò Agbẹ̀bíyè ń fún wọn lówó lórí aláboyún tí wọ́n bá mú wá, ó sì ń kọ́ wọn níṣẹ́ ọwọ́ mìíràn. Ìwàásù nìkan kò lè mú ẹni tó ń jẹun nídìí iṣẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Ìjọba Mímíkò parí lọ́dún 2017. Lẹ́yìn rẹ̀, ìtọ́jú ọ̀fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀ nílé ìwòsàn méjèèjì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó.  Kí ìyá tó san kọ́bọ̀ nílé ìgbẹ̀bí kankan, ó yẹ kó béèrè: dókítà wo ni wọ́n máa ń sáré gbé aláboyún lọ bá, ọkọ̀ wo ló sì wà nílẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà láàárín òru? Abiyamọ tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ lè kú láàárín wákàtí méjì.