Kẹ̀kẹ́ ni ó Tọrọ

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ tẹ̀dó sí Ashaiman lẹ́bàá Tema, ẹ kò ní ṣàìmọ ohun tí à ń wí bí a bá sọ pé ìkóríta ojú títì ni ibi iṣẹ́ ọ̀pọ̀ amúkùn-ún ní agbègbè Accra. Bí ọkọ̀ bá dúró, wọn a nawọ́. Bí ó bá ṣí, wọn a fà sẹ́yìn. Nítorí èyí ni ó fi yẹ kí a tún ìtàn Emmanuel Ofosu Yeboah sọ, bí ó tilẹ̀ ti lé ní ogún ọdún.

Ní ọdún 1977 ni a bí i ní Koforidua, láìsí egungun ojúgun ní ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Ohun tí àwọn ènìyàn sì máa ń sọ nípa irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa: wọn a ní èpè ni, tàbí ẹ̀ṣẹ̀ ìyá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ fi wọ́n sílẹ̀. Ìyá rẹ̀, Comfort, kò gbà; ó rán an lọ sí ilé-ìwé. Nígbà tí ọmọ náà dé Accra, kò tọrọ jẹ. Bàtà ni ó ń dán ní ìgboro. Ìyá náà kú ní ọdún 1997.

Lẹ́yìn èyí ni ó kọ lẹ́tà sí Challenged Athletes Foundation, ẹgbẹ́ kan ní San Diego ní Amẹ́ríkà, tí ó ń ran àwọn aláàbọ̀ ara lọ́wọ́ nínú eré ìdárayá. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni ó ní kí wọ́n fún òun. Wọ́n fún un. Ó gùn ún la ilẹ̀ Ghana já, ó tó nǹkan bí 600 kìlómítà, ẹsẹ̀ òsì nìkan ni ó sì fi ń tẹ̀ ẹ́. Kí òǹkàwé ro èyí dáadáa: bí ẹsẹ̀ kan bá tẹ irin dé ìsàlẹ̀, kò sí èkejì tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Lórí òkè, ìyà gidi ni. Sí ara ẹ̀wù rẹ̀ ni ó kọ 'pozo', orúkọ tí wọ́n fi ń pe àwọn arọ.

Àṣà òyìnbó ni pé kí ènìyàn fi ara jìyà, kí àwọn mìíràn sì tìtorí rẹ̀ dáwó fún àwọn ọ̀dọ́ aláìní. Láàrin oṣù kẹrin ọdún 2023 sí oṣù kẹrin ọdún 2024, Russ Cook, ará Ìlú Ọba, fẹsẹ̀ sáré la Áfíríkà já láti gúúsù dé àríwá, owó tí ó kó jọ sì lé ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn. A kì í ṣe ẹlẹ́gàn, ó gbìyànjú. Ṣùgbọ́n irú ara rẹ̀ ni Yeboah ń jìyà fún. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Nike fi ẹ̀bùn $25,000 dá a lọ́lá ní ọdún 2003, tí ẹgbẹ́ San Diego sì fi iye kan náà kún un, ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ aláàbọ̀ ara ni ó gbé owó lé.

Amúkùn-ún ni a sọ fún pé ẹrù rẹ̀ wọ́, tí ó ní ìsàlẹ̀ ni kí a wò. Ìsàlẹ̀ náà ni ìjọba Ghana wò ní ọdún 2006 nígbà tí ó ṣe òfin fún àwọn aláàbọ̀ ara, tí ó sì fún àwọn tí ó ni ilé ìlò gbogbo ènìyàn ní ọdún mẹ́wàá láti la ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ arọ lè gbà wọlé. Ọdún mẹ́wàá náà ti pé tipẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ni àtẹ̀gùn nìkan ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà wọn.