Abẹ Olójú Kan: Ohun Àtijọ́ Tó Ṣì Wúlò Fún Àgbọ̀n Wa

Àwọn àgbà ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ní ayé àtijọ́, ọkùnrin tó bá fẹ́ fá irùngbọ̀n rẹ̀ ní láti jókòó síwájú onígbàjámọ̀, kí ó na ọrùn, kí ó sì fi ara rẹ̀ lé ọwọ́ ẹni tó mú abẹ dání. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní ìlú òyìnbó. Abẹ gígùn tí ojú rẹ̀ wà ní gbangba ni wọ́n ń lò, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá sì ń gbọ̀n kò gbọdọ̀ dán an wò. Ohun tó yí èyí padà ni abẹ kékeré kan tó ní ìdáàbòbò lẹ́nu, tí olúkúlùkù lè fi fá irùngbọ̀n ara rẹ̀ nílé. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, a fẹ́ sọ ìtàn abẹ yìí fún yín, nítorí pé àwọn kan ṣì ń wá a káàkiri títí di òní, wọ́n ń kó o jọ, wọ́n sì ń lò ó. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀rọ̀ náà kan àwọn ọkùnrin ilé wa tí àgbọ̀n wọn ń wú nígbàkúùgbà tí wọ́n bá fárùngbọ̀n.

BÍ Ó ṢE BẸ̀RẸ̀

Ní ọdún 1880, ní New York ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan tí wọ́n ń jẹ́ Kampfe gba ìwé ẹ̀tọ́ ìjọba lórí abẹ kan tí a wá mọ̀ sí Star. Orí rẹ̀ dà bí àpótí kékeré. Bíléèdì kan ṣoṣo ni ó ń wọ inú rẹ̀, ojú kan ṣoṣo ni bíléèdì náà sì ní. Ìdáàbòbò kan wà níwájú ojú yìí kí ó má baà wọnú awọ ara. Òkìkí Star kàn débi pé Oliver Wendell Holmes, dókítà àti òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, yìn ín nínú ìwé ìrìn àjò rẹ̀ sí Yúróòpù tó jáde ní 1887. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ṣì kù: bíléèdì náà nípọn, ẹni tó ni ín sì ní láti máa yọ ọ́ kí ó lè pọ́n ọn lára awọ.

King C. Gillette ló mú èrò mìíràn wá. Tirẹ̀ ni bíléèdì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ olójú méjì, tí a kò ní pọ́n, tí a ó kàn jù nù nígbà tó bá kú. Ní 1903, abẹ 51 péré ni ó tà. Ní 1904, ohun tó tà lé ní 90,000. Irú èyí ni ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀. Síbẹ̀, abẹ olójú kan kò parẹ́.

ÀWỌN TÍ WỌ́N Ń WÁ JÙ LỌ

Star, Gem àti Ever-Ready wá di ti ilé iṣẹ́ kan náà, American Safety Razor. Bíléèdì wọn ní ẹ̀yìn tó le, ó sì nípọn ju ti olójú méjì lọ ní ìlọ́po méjì. Ní àwọn ọdún 1930, Gem Micromatic gbajúmọ̀ púpọ̀: bí a bá yí ìdí èèkù rẹ̀, orí rẹ̀ á ṣí sílẹ̀ bí ìlẹ̀kùn méjì, bí a bá yí i padà, á pa dé mọ́ bíléèdì.

Jacob Schick, ọ̀gágun Amẹ́ríkà, gbé tirẹ̀ jáde ní àwọn ọdún 1920. Bí ọta ṣe ń ti inú ìbọn wọlé ni bíléèdì tuntun ṣe ń wọ inú abẹ yìí, tó sì ń ti ògbólógbòó jáde, láìjẹ́ pé ọwọ́ kan ojú rẹ̀. Ti Valet AutoStrop yàtọ̀: awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n ń fà kọjá nínú orí rẹ̀, tó ń pọ́n bíléèdì láìyọ ọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Rolls Razor wà nínú àpótí irin. Òkúta wà ní ìdérí kan, awọ wà ní ìkejì, bíléèdì kan ṣoṣo sì lè sin ènìyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tó yá, orúkọ Rolls Razor di ti ẹ̀rọ ìfọṣọ, ilé iṣẹ́ náà sì wó lulẹ̀ ní 1964. Ṣùgbọ́n àwọn abẹ rẹ̀ ṣì ń fá irùngbọ̀n.

Ní ọjà gbàǹjo àti ọjà àlòkù ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti ti Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn tó ń kó wọn jọ ti ń rí wọn. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń yẹ̀ wò ni àwọn etí kéékèèké tó di bíléèdì mú ní igun méjèèjì. Bí ọ̀kan bá ti kán, bíléèdì á wọ́, á sì ge ènìyàn. Omi gbígbóná díẹ̀, ọṣẹ àti búrọ́ṣì ìfọyín tó ti gbó ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́. Bí a bá ha á jù, ohun dídán tí wọ́n fi bo idẹ rẹ̀ á ṣí kúrò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi sípírítì ilé oògùn nù ún.

KÍ NI Ó KÀN WÁ?

Irun àwa aláwọ̀ dúdú ń ká. Bí a bá gé e kúrú jù, ṣóńṣó rẹ̀ á ká padà wọnú awọ ara, ara á sì máa bá a jà bí ẹni tí ẹ̀gún gún. Ìyẹn ni kókó wẹ́wẹ́ tó ń yún, tó ń dùn, tó sì ń dúdú sí ọrùn àti àgbọ̀n. Kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe ìdọ̀tí. Abẹ oníbíléèdì mẹ́ta tàbí márùn-ún lè mú un burú sí i, nítorí pé bíléèdì tó ṣáájú ń fa irun sókè, èyí tó tẹ̀ lé e á gé e, irun náà á sì sá wọ abẹ́ awọ. Bíléèdì kan ṣoṣo kì í fá a wọlé tó bẹ́ẹ̀. A kò sọ pé abẹ àtijọ́ jẹ́ oògùn. Ẹni tí tirẹ̀ bá ti ń ṣọyún tàbí tó ń di àpá wíwú, kí ó dá irùngbọ̀n rẹ̀ sí, kí ó sì lọ rí dókítà.

BÍ A ṢE Ń LÒ Ó

Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rin irùngbọ̀n dáadáa, kí ó rọ̀. Ẹ fi ọṣẹ tó hó pa á. Ẹ tẹ́ orí abẹ Gem pẹrẹsẹ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kí ó máa yọ̀ lọ. Ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara, nítorí pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ibi tí irun dorí kọ ni kí ẹ fá a lọ. Ẹ má ṣe fá a lòdì, ẹ má sì ṣe fa awọ le. Àfálé lẹ́ẹ̀kan tó. Ẹ fi omi tútù ṣan ojú, kí ẹ sì gbẹ abẹ kí ó má baà dógùn-ún. A ṣì ń ṣe bíléèdì irú Gem àti ti Schick títí di òní. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sára: àwọn kan wà tó jọ ti Gem gan-an, tó jẹ́ pé ọ̀dà ara ògiri ni wọ́n ń fi wọ́n ha. Ìyẹn kì í ṣe fún ojú ènìyàn.

ÌKÌLỌ̀ FÚN GBOGBO ILÉ

Ẹ̀yin bàbá, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọkùnrin yín lo bíléèdì tí ẹ ti lò, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má ṣe lo tirẹ̀. Kòkòrò HIV àti àrùn hepatitis tó ń mú ẹ̀dọ̀ wú lè gba inú ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tín tó kù lójú bíléèdì. Abẹ lè jẹ́ ogún, ṣùgbọ́n bíléèdì kò gbọdọ̀ jẹ́ ti ẹni méjì. Bí ẹ bá lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, ẹ mú bíléèdì tuntun yín dání.

Ní Amẹ́ríkà láyé ọjọ́un, wọ́n máa ń dá ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sí ògiri ilé ìwẹ̀, níbi tí bíléèdì tó ti kú ń já sí láàrin ògiri. Ẹni tó bá ń tún irú ilé bẹ́ẹ̀ kọ́ lónìí lè bá òkìtì wọn níbẹ̀. Ní tiwa, agolo mílíìkì tí a lu lójú díẹ̀ tó, kí a gbé e sókè kúrò lọ́wọ́ ọmọdé, kí a sì dí i pa nígbà tó bá kún.

Ní ọjọ́ tí irùngbọ̀n bá kọ́kọ́ hù lágbọ̀n ọmọ yín, ẹ pè é síwájú dígí, kí ẹ sì fi gbogbo èyí hàn án.