Eré ìbọn àtijọ́ nínú òtútù: Bí àgbẹ̀ kúkúrú kan ṣe fi ohun tó kọ́ nínú ìdíje dínà mọ́ Rọ́ṣíà

Bí ọyẹ́ bá mú díẹ̀ níbí, tí ètè bẹ̀rẹ̀ sí í bó, tí gìgísẹ̀ ń sán, kálukú á ti máa wá aṣọ òtútù kiri. Ẹlòmíì ò ní í fẹ́ẹ́ wẹ̀ láàárọ̀ àfi tí wọ́n bá bá a gbé omi kaná. Bẹ́ẹ̀, ọmọdé ni ọyẹ́ tiwa yìí jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òtútù ilẹ̀ àwọn òyìnbó. Níbòmíì lọ́dọ̀ wọn, omi adágún máa ń dì gbagidi débi tí mọ́tò á máa rìn lórí ẹ̀. Ohun tó wá ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé nínú òtútù tó tó báyẹn làwọn kan ti máa ń gbéra nílé láàárọ̀ Sátidé, wọ́n á gbé ìbọn tí wọ́n ti rọ kí wọ́n tó bí bàbá wọn, wọ́n á lọ dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ tó tutù bíi yìnyín, wọ́n á sì máa du ẹni tí ọta ẹ̀ máa bá àárín àmì jù. Wọn ò pa ẹran, wọn ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ìdíje ni wọ́n ń ṣe.

Kẹ́nikẹ́ni má rò pé ìbọn ìṣeré ọmọdé ni wọ́n ń gbé dání o. Ìbọn ogun gidi ni. M1 Garand wà lára wọn, èyí tí John Garand, ọkùnrin tí wọ́n bí sí Kánádà tó wá di ará Amẹ́ríkà, fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe, tí ìjọba Amẹ́ríkà sì gbà fáwọn ṣọ́jà wọn lọ́dún 1936. Springfield tọdún 1903 wà níbẹ̀, K31 tàwọn ará Swítsàláǹdì wà níbẹ̀, Mosin-Nagant tí Rọ́ṣíà gbé jáde lọ́dún 1891 náà ò gbẹ́yìn. Lee-Enfield tàwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì sì ńkọ́? Àwọn bàbá wa tí wọ́n kó lọ sí Bọ́má nígbà ogun Hitler mọ ìyẹn bí ẹní mowó, nítorí òun ló wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà nínú ọ̀wọ́ ológun 81 àti 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà. Ẹ̀ka kejì ìdíje náà ni tàwọn tó ń lo ìbọn tó jọ tàwọn ṣọ́jà òde òní, bíi M16, àmọ́ tiwọn kì í rọ̀jò ọta, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń dún.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ eré yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Ọdún 1903 ni ìjọba ibẹ̀ ti dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ pé kó máa gba àwọn ará ìlú níyànjú láti kọ́ ìbọn yíyìn, nítorí wọ́n rí i pé ọjọ́ tógun bá dé kọ́ ló yẹ kéèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ibi tí wọ́n ti ń fà á. Ìgbìmọ̀ yìí ló di ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Civilian Marksmanship Program lónìí, CMP ni wọ́n ń gé e kúrú sí. Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 1996 ló sì yọ ọ́ kúrò lábẹ́ àwọn ológun. Láti 1907 ni ìdíje ńlá wọn ti ń wáyé ní Camp Perry, létí adágún Erie ní ìpínlẹ̀ Ohio. Ìgbà ooru nìyẹn ń wáyé. Ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tó wà káàkiri ìlú kì í sinmi tí òtútù bá dé.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Yáàdì 200 ni ìdíje M1 máa ń jìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó pápá bọ́ọ̀lù méjì tí wọ́n to tẹ̀lé ara wọn. Kò sí gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi lójú, irin kékeré méjì tó wà lórí ìbọn ni olúkúlùkù fi ń wò ó. Ọta 30 ni wọ́n máa ka máàkì ẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀, wọ́n á fi ọta márùn-ún dán an wò, wọ́n á wá yin mẹ́wàá wọ́ọ́rọ́wọ́, gbogbo ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 15. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á tún dọ̀bálẹ̀ yin mẹ́wàá mìíì láàárín ìṣẹ́jú àáyá 80 péré. Èyí tó kẹ́yìn ni wọ́n máa wà lóòró yìn, mẹ́wàá náà ni, ìṣẹ́jú mẹ́wàá sì ni wọ́n fún wọn. Ibi tọ́pọ̀ ti ń já nìyẹn, torí kò sílẹ̀ tó máa bá wọn gbé ìbọn tó tó kílò mẹ́rin ààbọ̀. Ẹni tí tiẹ̀ bá bọ́ sínú òǹkà róbótó àárín tó fẹ̀ ní íǹṣì méje, máàkì mẹ́wàá ló gbà. Ẹni tó bá gbà á tán pátá, 300 ló ní. Àwọn tó ń gbà á tán ò wọ́pọ̀ rárá.

Nígbà tí oòrùn mú, ìyẹn gan-an nira. Tó bá wá di ìgbà òtútù, ọ̀rọ̀ á yí padà pátápátá.

Àkọ́kọ́ ni ọwọ́. Òfin sọ pé ibi tí wọ́n ń fà lára M1 gbọ́dọ̀ le tó páùn mẹ́rin ààbọ̀. Ìka tí òtútù ti pa kì í mọ ìgbà tó fà á dé ìdajì, àfi kó kàn gbọ́ gbàù! Tó bá sì wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, kò tún ní í mọ nǹkan tó ń ṣe. Torí náà ni ọ̀pọ̀ wọn ṣe máa ń wọ ìbọ̀wọ́ fẹ́lẹ́ sọ́wọ́ tí wọ́n fi ń fà á, tàbí kí wọ́n gé orí ìka kan kúrò. Àtàǹpàkò tún wà níbẹ̀ o. Ọta mẹ́jọ tí wọ́n tò sínú irin pẹlẹbẹ kan ni wọ́n máa ń tì bọ M1 látòkè. Bí irin ọ̀hún bá ti wọlé tán, irin ńlá ẹ̀yìn ìbọn á fi agbára padà síwájú. Ẹni tí kò bá tètè yọ àtàǹpàkò ẹ̀, oríire ẹ̀ ni tí kò bá ṣẹ̀jẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ọwọ́ tó kú tipiri kì í yára.

Ìkejì ni aṣọ. Ẹni tó bá wọ kóòtù mẹ́ta léra, ṣe ló dà bíi pé ìdí ìbọn ẹ̀ gùn sí i. Kò ní í bọ́ sí èjìká bó ṣe yẹ, ojú á sì jìnnà sí ibi tó ti ń wò tẹ́lẹ̀. Tó bá tún wọ aṣọ kékeré, ara á máa gbọ̀n, kò sì sẹ́ni tó lè pàṣẹ fún ara tó bá ń gbọ̀n pé kó dúró jẹ́ẹ́. Èémí náà ń dá kún un. Bí wọ́n bá ti mí jáde, ooru ẹnu á di kùrukùru síwájú ojú wọn, á bo gíláàsì tí wọ́n fi ń ríran, wọn ò sì ní í rí àmì mọ́.

Ìkẹta ni ìbọn àti ọta fúnra wọn. Òróró tí wọ́n fi pa irin inú ìbọn máa ń ki nínú òtútù, ìbọn tó ń yá lẹ́nu iṣẹ́ tẹ́lẹ̀ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Àwọn àgbà inú ẹ̀ á sọ fún ọ̀gbẹ̀rì pé kó nu òróró náà kúrò kó ku fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ̀tù inú ọta náà kì í fi bẹ́ẹ̀ lágbára tó bá tutù, afẹ́fẹ́ òtútù sì máa ń ki ju ti ooru lọ, nítorí náà ọta kì í yára tó tìgbà ooru, ìsàlẹ̀ ló sì máa ń bà sí. Ẹni tó gbọ́n máa ń ní ìwé kékeré kan tó ń kọ ọ́ sí: ọjọ́ báyìí, òtútù tó báyìí, ibi báyìí ni mo wò, ibi báyìí ló bà. Tọ́dún mìíì bá yí po, ìwé yẹn ló máa yẹ̀ wò.

Ìdíje tán, wàhálà ò tí ì tán. Ẹni tó bá gbé ìbọn tó tutù wọnú ilé tó móoru, omi á kàn bò ó ni, bíi ìgò mínírà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú fìríìjì. Omi ọ̀hún á wọ ibi tọ́wọ́ ò dé, ìpẹtà á sì tẹ̀ lé e. Èyí tó tún burú ni pé ọ̀pọ̀ ọta ológun àtijọ́ ló ní iyọ̀ kan nínú ohun tó ń tanná sí ẹ̀tù, ẹni tí kò bá fi omi ṣan inú ìbọn ẹ̀ lọ́jọ́ náà, á bá ìpẹtà níbẹ̀ láìpẹ́ ọjọ́.

Nítorí gbogbo èyí ni wọn kì í ṣe fi ọ̀rọ̀ ààbò ṣeré. Ọwọ́ tó kú àti ìbọn tó ní ọta nínú, ọ̀rẹ́ burúkú ni wọ́n. Bí ẹnì kan bá fẹ́ẹ́ lọ wo àmì níwájú, gbogbo ìbọn gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, wọ́n á sì ti nǹkan aláwọ̀ yẹ́lò kan bọ ojú ibi tí ọta ń wọ̀, kí gbogbo èèyàn lè rí i pé kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ìbọn nígbà yẹn ti ṣẹ̀ nìyẹn, ilé ló ń lọ, kì báà jẹ́ ọ̀gá wọn.

Àwọn tó sọ tiwọn di ọdún ìbílẹ̀ ni àwọn ará Swítsàláǹdì. Láti àwọn ọdún 1860 ni wọ́n ti máa ń kóra jọ sórí pápá Rütli, lókè adágún Lucerne, lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè tó ṣáájú ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá. Òtútù ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọkọ̀ ojú omi ni ọ̀pọ̀ wọn ń wọ̀ débẹ̀, ìkúnlẹ̀ ni wọ́n sì ti ń yìn ín. Ibẹ̀ ni ìtàn wọn sọ pé àwọn baba ńlá wọn ti mulẹ̀ lọ́dún 1291 pé àwọn ò ní í sìn mọ́. Ọjọ́ 15 oṣù kan náà ni wọ́n tún ń ṣe òmíì ní Morgarten, níbi tí wọ́n ti ṣẹ́gun lọ́dún 1315. Lọ́dọ̀ wọn, ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló jẹ́ ṣọ́jà nígbà tí ìlú bá pè é, ìbọn tí ìjọba fún un sì lè wà nílé ẹ̀. Kò yani lẹ́nu pé wọ́n ń dán an wò.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń béèrè pé kí lèrè eré yìí, Fínláǹdì ló yẹ kó yí ojú sí.

Ọjọ́ 17 oṣù kejìlá ọdún 1905 ni wọ́n bí Simo Häyhä sí Rautjärvi, nítòsí ààlà Rọ́ṣíà. Àgbẹ̀ ni, ọdẹ sì ni. Kò ga, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti íǹṣì mẹ́ta ni gbogbo ẹ̀. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó wọ ẹgbẹ́ àwọn ará ìlú tó ń ṣọ́ ìlú, èyí tí wọ́n ń pè ní Suojeluskunta. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà ni kí wọ́n máa kọ́ ìbọn yíyìn, kí wọ́n sì máa bára wọn díje. Häyhä ń lọ, ó ń gba ife-ẹ̀yẹ bọ̀ wálé. Ìbọn tó ń lò ni M/28-30, èyí tí ẹgbẹ́ náà tún ṣe láti ara Mosin-Nagant àwọn ará Rọ́ṣíà. Ẹ fi èyí sọ́kàn o, nítorí ọwọ́ ẹni tó ni ọ̀nà ni wọ́n ti mú ọ̀nà náà.

Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 1939, àwọn ọmọ ogun Stalin ya wọ Fínláǹdì. Ọjọ́ 105 ni ogun náà gbà. Òtútù ọdún náà burú débi pé ó lọ sí dígíríì 40 lábẹ́ òdo. Wọ́n gbé Häyhä lọ sí Kollaa. Aṣọ funfun ló wọ̀ kó lè bá òjò dídì dọ́gba. Wọ́n ní ó máa ń kó òjò dídì sẹ́nu kí èémí ẹ̀ má baà yọ èéfín, ó sì máa ń tẹ èyí tó wà níwájú ẹnu ìbọn kó le, kó má baà fò sókè tí ìbọn bá dún. Kò lo gíláàsì, nítorí òtútù á bò ó, oòrùn á tàn sí i, orí ẹni tó ń lò ó sì gbọ́dọ̀ yọ sókè. Gbogbo nǹkan wọ̀nyí, ojú ogun kọ́ ló ti kọ́ ọ. Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde. Àwọn tí wọ́n kà sí i lọ́rùn lé ní 500.

Ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 1940, ọta bà á lágbọ̀n, ó fọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ẹ̀ yángá. Ọjọ́ 13 tó lajú, ọjọ́ yẹn gan-an logun parí. Fínláǹdì ò di ẹrú, ṣùgbọ́n ohun tó san kò kéré: nǹkan bí 25,000 èèyàn kú, wọ́n gé ilẹ̀ Karelia lọ́wọ́ wọn, àwọn tó lé ní 400,000 sì di aláìnílé. Lọ́dún 1944, wọ́n fipá tú ẹgbẹ́ tó kọ́ Häyhä níbọn ká. Häyhä fúnra ẹ̀ padà sídìí oko àti ọdẹ ní Ruokolahti. Nígbà tí wọ́n bi í bó ṣe mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀, ìdáhùn ẹ̀ kò ju pé ìdánrawò ni. Wọ́n tún bi í bóyá ó kábàámọ̀, ó ní ohun tí wọ́n ní kóun ṣe lòun ṣe, bí agbára òun ṣe mọ. Kò fi ṣe fáàrí títí tó fi kú lọ́jọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 2002, ẹni ọdún 96.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ogun Fínláǹdì, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà náà rí tiwọn he ní adágún Chosin ní Kòríà. Ìparí ọdún 1950 ni. Òróró dì nínú ìbọn, oúnjẹ dì nínú agolo, ìka ẹsẹ̀ àwọn mìíì jẹrà dànù. Àwọn tó ti mọ̀ pé kí wọ́n dín òróró kù ni ìbọn wọn ń dún.

Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbàlagbà tó ń gbọ̀n lórí ilẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé ò fi jọ aṣiwèrè lójú ẹni tó bá mọ ìtàn. Lójú tiwọn, eré ni, wọ́n á mu kọfí gbígbóná tán, wọ́n á fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á lọlé. Ṣùgbọ́n ìbọn tí wọ́n gbé dání, ẹnì kan ti gbé e rí láìsí kọfí, láìsí ilé tó máa padà sí, àmì tó sì ń wò níwájú náà ní ìyá tó bí i. Ẹni tó bá ti fi wákàtí méjì péré dọ̀bálẹ̀ sínú òtútù yẹn, kò ní í yá a lára láti máa pariwo pé kí ogun dé.