ÌPÁ Ẹ̀GBẸ́ TÍ WỌ́N FI BA WHITTAKER LÓRÚNKÚN: ỌGBÀ NI FÚN ẸLÒMÍÌ, ÌPALÁRA NI FÚN ẸLÒMÍÌ

Nílẹ̀ Ìkálẹ̀, láti Ìyánsàn títí dé Òkìtìpupa, bíi ti gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, bí àgbàlagbà bá ní ọmọkùnrin kan mọ ìjà í jà, ìjàkadì ló máa ń ní lọ́kàn. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kan ilẹ̀, wọ́n ti dá a nìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa béèrè bó ṣe ń ta ìpá, ketekete ni wọ́n mọ̀ mọ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn ọmọ wọn tó ń sún oorun síwájú kí wọ́n lè wo ìjà UFC lórí tẹlifíṣàn. Wọ́n á sọ fún yín pé ìpá pé oríṣi, àti pé ọ̀kan wà níbẹ̀ tí àwọn oníjà gan-an kì í fi ṣeré. Ìpá ẹ̀gbẹ́ ni.

Ẹni tó bá fẹ́ ta ìpá yìí kò ní í kojú sí alátakò rẹ̀ tààrà, ẹ̀gbẹ́ ló máa yí sí i. Orúnkún ẹsẹ̀ iwájú á kọ́kọ́ gòkè wá sí ìtòsí àyà. Ẹsẹ̀ tó fi dúró á yí títí gìgísẹ̀ rẹ̀ á fi kọjú sí ọ̀dọ̀ ẹni tó ń bá jà. Ìgbà náà ni ìbàdí á wá ti ẹsẹ̀ tòkè yẹn jáde gbọọrọ, bí ìgbà téèyàn fi ọ̀pá ti ilẹ̀kùn. Gìgísẹ̀ tàbí etí àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń ba ara. Ẹsẹ̀ gùn ju ọwọ́ lọ, orí ẹni tó ń ta á sì ti fà sẹ́yìn, ẹ̀ṣẹ́ alátakò ò lè tètè dé ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọgbà ni ìpá ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe àdá. Kì í sábà dá èèyàn dùbúlẹ̀ bíi ti ẹsẹ̀ tí wọ́n bá fi gbá orí. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó sọ fún ẹni tó ń bọ̀ tìjàtìjà pé kó dúró síbẹ̀ ná.

Àwọn tó máa ń lọ sílé sinimá láyé ọjọ́un mọ Bruce Lee, ọkùnrin tó kú lọ́mọ ọdún 32 péré ní Hong Kong lọ́dún 1973. Ẹ̀kọ́ tiẹ̀ ni pé kéèyàn fi ohun ìjà tó gùn jù lára rẹ̀ kọlu ibi tó súnmọ́ jù lára alátakò. Kí ló gùn tó ẹsẹ̀ iwájú? Kí ló sì súnmọ́ tó ojúgun àti orúnkún?

Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ bá fẹ́ mọ agbára ìpá yìí, ọ̀rọ̀ Bill Wallace, ará Amẹ́ríkà, ni kẹ́ ẹ gbọ́. Júdò ló bá orúnkún ọ̀tún rẹ̀ jẹ́. Ẹlòmíì ì bá ti kó àpò rẹ̀ nílẹ̀. Wallace ní rárá, ló bá kó gbogbo ìpá rẹ̀ sórí ẹsẹ̀ òsì nìkan. Ó di ọ̀gá àgbáyé nínú ìjà kàráté alágbára lọ́dún 1974, ó sì fẹ̀yìn tì lọ́dún 1980 lẹ́yìn tó ti ja ìjà 23 láìpàdánù ẹyọ kan. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo o! Gbogbo ẹni tó bá dúró níwájú rẹ̀ ló mọ̀ pé òsì ló máa lò. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé bí orúnkún yẹn bá ti gòkè, ó lè jáde bí ìpá ẹ̀gbẹ́, ó lè gbá wọn láti ìta, ó sì lè kọ́ wọn látẹ̀yìn. Ọ̀nà kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi ń bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n tó mọ èyí tó ń bọ̀, ó ti dé.

Nínú táékwọńdò, tí wọn kì í gbà kéèyàn di ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni mú, ìpá ẹ̀gbẹ́ rí ilé. Nàìjíríà náà ò kẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, nítorí Chika Chukwumerije gba idẹ ní Òlíḿpíìkì Beijing lọ́dún 2008. Nígbà tí wọ́n wá gbé ìgbàyà oníná tó ń ka àmì fúnra rẹ̀ wọ Òlíḿpíìkì London lọ́dún 2012, ńṣe làwọn oníjà gbé ẹsẹ̀ iwájú sókè bíi pé idà ni wọ́n fà yọ. Àwọn òǹwòran bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé èyí kì í ṣe ìjà mọ́. Àwọn aláṣẹ eré náà wá ṣòfin pé ẹni tó bá gbé ẹsẹ̀ sókè lásán láti fi dí ẹlòmíì lọ́nà máa jìyà rẹ̀. Abdoulrazak Issoufou, ọmọ orílẹ̀-èdè Niger tó ga ju mítà méjì lọ, ló jàǹfààní ẹsẹ̀ gígùn: ó gba fàdákà ní Rio lọ́dún 2016, ó sì di ọ̀gá àgbáyé lọ́dún 2017.

Táékwọńdò yìí náà ni Israel Adesanya fi bẹ̀rẹ̀ ní kékeré ní Chrisland, Òpèbí, l'Ékòó, kí ìyá rẹ̀ tó yọ ọ́ kúrò nígbà tó fara pa. Ọmọ Yorùbá yìí ló wá gba bẹ́líìtì UFC ní Melbourne, lóṣù kẹwàá, ọdún 2019. Ọwọ́ ta ló ti gbà á? Ọwọ́ Robert Whittaker ni, ará Ọsirélíà.

Ní ọjọ́ 8, oṣù keje, ọdún 2017, ní Las Vegas, Yoel Romero ta ìpá mọ́ Whittaker lórúnkún òsì ní abala àkọ́kọ́. Orúnkún ọ̀hún bàjẹ́. Abala mẹ́rin ló ṣẹ́ kù, síbẹ̀ Whittaker fi orúnkún yẹn jà á parí, ó sì borí. Nígbà tí àwọn méjèèjì tún pàdé ní Chicago lọ́dún 2018, ta ló tún ń ta ìpá sí orúnkún ta? Whittaker ni! Kàráté àti hapkido ló fi bẹ̀rẹ̀ láti kékeré, ìpá náà kò ṣàjèjì sí i. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kán nínú ìjà yẹn, àwọn adájọ́ sì tún fún un.

Ewu wà nínú rẹ̀ fún ẹni tó ń ta á náà. Ẹsẹ̀ kan ló fi dúró. Bí alátakò bá mọ ìjàkadì, tó sì gbá ẹsẹ̀ tó wà lókè yẹn mú, àfi gbàmù nílẹ̀.

Ibi tí àríyànjiyàn ti wá pọ̀ ni orúnkún. Ní táékwọńdò, òfin ò fàyè gba kéèyàn ta ìpá sábẹ́ ìbàdí. UFC gbà á. Lóṣù kẹsàn-án, ọdún 2021, Khalil Rountree gbá orúnkún Modestas Bukauskas mọ́lẹ̀ tẹsẹ̀tẹsẹ̀, ìjà sì parí ní abala kejì. Ariwo ta. Àwọn kan ní kí wọ́n fòfin dè é, nítorí ẹni tí ẹ̀ṣẹ́ bá dá dùbúlẹ̀ máa dìde, ṣùgbọ́n orúnkún tó bá ya lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ èèyàn. Àwọn mìíràn ní ìjà ni ìjà, kẹ́ni tí kò bá fẹ́ fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Bukauskas kò fi bẹ́ẹ̀ ti àwọn wọ̀nyí lẹ́yìn. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, UFC sì já a sílẹ̀ lóṣù yẹn náà. Ó padà sí Cage Warriors, níbi tó ti kọ́kọ́ lókìkí, ó tún gba bẹ́líìtì wọn, kí UFC tó pè é padà. Lóṣù kejì, ọdún 2023, ní Perth, ó bá Tyson Pedro jà, ó sì borí rẹ̀.