Àrùn ìgbàgbé: kì í ṣe ogbó lásán, kì í ṣe àjẹ́

Bí àgbàlagbà bá sọnù lójú ọ̀nà ilé ara rẹ̀, tàbí tí kò dá ọmọ bíbí inú rẹ̀ mọ̀ mọ́, ìbáà jẹ́ ní Orhuwhorun nítòsí Warri tàbí ní Ìbàdàn, àwọn kan a ní ọjọ́ ogbó ló dé, àwọn mìíràn a sì nàka sí àjẹ́.

Ìwádìí kan tí a ṣe láàárín àwọn Yorùbá tako èrò méjèèjì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn, tí olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Osuntokun ṣáájú wọn, àti ti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà, yẹ àwọn àgbà tó ti pé ọdún 65 sókè wò ní àdúgbò Ìdíkàn ní Ìbàdàn, àti àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìlú Indianapolis.

Èsì tó jáde ní 1995 fi hàn pé ìdá 2.29 nínú 100 ló ní àrùn ìgbàgbé ní Ìdíkàn. Ní Indianapolis, tí a bá ka àwọn tó wà ní ilé ìtọ́jú àgbà mọ́ wọn, ó jẹ́ 8.24.

Bí ó bá ṣe pé ogbó lásán ni, àgbà tó lé ní 97 nínú 100 ní Ìdíkàn kò bá tí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àìsàn ọpọlọ ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà àti àrùn rọpárọsẹ̀ sì máa ń dá kún un.

Títí di òní, kò tíì sí oògùn tó ń wò ó sàn pátápátá. Ṣùgbọ́n ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tàbí àìtó fítámì kan lè fara jọ ọ́, ìwọ̀nyí sì ní ìtọ́jú. Nítorí náà, ilé ìwòsàn ló yẹ kí ẹbí kọ́kọ́ gbé àgbà lọ, kì í ṣe kí wọ́n fẹ̀sùn kàn án.