Active Directory: Rẹ́jísítà Kan fún Gbogbo Kọ̀ǹpútà

Active Directory ni ètò tí Microsoft gbé jáde ní ọdún 2000, pẹ̀lú Windows 2000, láti máa fi mọ ẹni tó lè lo kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ àti ibi tí àṣẹ onítọ̀hún mọ. Bí kọ̀ǹpútà bá jẹ́ márùn-ún péré, èèyàn lè kọ orúkọ òṣìṣẹ́ sórí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá di ẹgbẹ̀rún, ẹni tí wọ́n lé lánàá á ṣì rí ẹ̀rọ kan tó máa gbà á wọlé lónìí. Ètò yìí kó gbogbo orúkọ sínú rẹ́jísítà kan, lórí sáfà tí wọ́n ń pè ní domain controller. Wọ́n á pín òṣìṣẹ́ sí ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ sì ni wọ́n ń fún ní àṣẹ.

Kerberos, tí wọ́n ṣe ní MIT ní Amẹ́ríkà, ni sáfà náà fi ń dá èèyàn mọ̀. Páswọ́ọ̀dù kì í rìn lórí wáyà rárá. Kọ̀ǹpútà òṣìṣẹ́ á fi í ti aago tó lù lọ́wọ́lọ́wọ́ pa, á sì fi ránṣẹ́. Bí sáfà bá rí i ṣí, á fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì wákàtí 10. Òun ni òṣìṣẹ́ á máa fi dé ibi fáìlì àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé láì tún tẹ páswọ́ọ̀dù. Bí aago ẹ̀rọ bá fi ju ìṣẹ́jú 5 lọ yàtọ̀ sí ti sáfà, tíkẹ́ẹ̀tì kò ní jáde. Nígbà míì, ẹni tó ń bínú sí páswọ́ọ̀dù láàárọ̀, bátìrì kékeré tó ń gbé aago kọ̀ǹpútà rẹ̀ ló ti kú.

Group Policy ló ń gbé òfin kiri: kí ojú ẹ̀rọ máa ti ara rẹ̀, kí fúláàṣì má ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń wá wo òfin tuntun láàárín ìṣẹ́jú 90 sí 120.

Sáfà kan kò tó fún irú iṣẹ́ yìí. Maersk, iléeṣẹ́ ọkọ̀ òkun ilẹ̀ Denmark, ní nǹkan bí 150 káàkiri ayé, tí wọ́n ń da rẹ́jísítà kọ láti ara ọ̀kan sí òmíràn. Èrò wọn ni pé bí ọ̀kan bá kú, ìyókù á gbé e dìde. Pé gbogbo wọn lè kú lọ́jọ́ kan náà kò wá sí wọn lọ́kàn. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2017, kòkòrò kọ̀ǹpútà NotPetya gba inú sọ́fítíwíà ìṣirò owó kan ní Ukraine wọlé, ó ń jí páswọ́ọ̀dù àwọn alábòójútó, ó sì ń fi wọ́n ti ẹ̀rọ kan bọ́ sí òmíràn. Sáfà kan ṣoṣo ló yè, ní Ghana: iná ti lọ níbẹ̀ kí kòkòrò tó dé.

Íntánẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì Ghana kò lè tètè gbé rẹ́jísítà tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ dé England, níbi tí wọ́n ti ń tún ètò náà tò, àwọn òṣìṣẹ́ Ghana kò sì ní físà ilẹ̀ náà. Ọ̀kan nínú wọn gbé háàdì dísìkì sáfà náà wọ bàálù wá sí Nàìjíríà, ó fà á lé òṣìṣẹ́ Maersk mìíràn lọ́wọ́ ní pápákọ̀ òfurufú, ìyẹn ló gbé e dé Heathrow. Rẹ́jísítà inú rẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọjọ́ 10, wọ́n ti tún sáfà 4,000 àti kọ̀ǹpútà 45,000 tò.